Àpá Ọrùn Tí Mo Fi Ìbòrí Bò

Ẹni tó bá wà lórí ìnàró, kó wá ibi fìdí lé. Ẹni tí iṣẹ́ ń pè, kó máa lọ, kò sí ìjà, nítorí ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ kọjá lọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nǹkan kúrò lọ́rùn yín, ẹ̀yin ni mò ń pè jù, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé tó fẹ́ lọ ilé ọkọ, ẹ̀yin náà ẹ má jìnnà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn lẹ́nu, mi ò sì ní fi oyin sí i.

Àìsàn ṣe mí, mi ò kú. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á ní kí n máa dúpẹ́. Mo ti dúpẹ́. Mo ṣì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́ lórí ẹní ìkírun mi. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ bí ó ṣe rí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀.

Aránṣọ ni mí, ní Ẹdẹ níbí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé àti aṣọ ọdún. Ọkọ mi ń dáko ní ọ̀nà Alájùé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun fi ta wá lọ́rẹ, Sìmbíátù, òun ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Sìmbíà. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kí n tó gbé e pọ̀n. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, ẹ fi ìyẹn sí i.

Sìmbíà wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí gẹ̀gẹ̀ yọ sí mi lọ́rùn. Kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ náà ní in, ó sì gbé e wọ sàréè. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ní tiwa. Kí wọ́n tó ní kí ọmọ wọn fẹ́ ọmọ ẹni, wọ́n á wádìí. Wọ́n á béèrè wèrè, wọ́n á béèrè ẹ̀tẹ̀, wọ́n á béèrè wárápá. Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn wọ̀nyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi kọ ọmọ sílẹ̀, gẹ̀gẹ̀ tó o.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Ìyá Sàláwù, òun ló kọ́kọ́ ra ìbòrí gígùn fún mi.

"Ìyàwó wa," ó ní, "bo nǹkan yìí. Obìnrin wà nílé rẹ. Àwọn àna kì í wo ojú ọmọ tán kí wọ́n má wo ọrùn ìyá."

Mo bò ó. Àwọn ará àdúgbò rò pé ẹ̀sìn ló wọ̀ mí lára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́hàá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ní kí n bá àwọn ṣàdúà. Mo ń ṣe àmí. Bí gẹ̀gẹ̀ náà ṣe ń dàgbà lábẹ́ aṣọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ lẹ́yìn àwa ilé.

Nígbà tó yá, tí mo bá sùn fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí mi á máa sé. Bàbá Sìmbíà ta ègé ilẹ̀ kan, a sì lọ ìlú tó jìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá. Wọ́n gé e fún mi. Iṣẹ́ náà dára, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo máa padà sílé, nọ́ọ̀sì kan kó oògùn funfun kan lé mi lọ́wọ́, ó tóbi bíi bọ́tìnnì kóòtù.

"Màmá," ó ní, "ẹ má jẹ́ kí èyí tán lọ́wọ́ yín o. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Tí ẹnu bá ń ta yín, tàbí tí ìka bá ń ṣe yín bákan, ẹ má dúró rò ó, ẹ máa bọ̀. Kódà tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Sàláwù yí oògùn náà sọ́tùn-ún sósì. "Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fún àwọn aboyún nìyí? Fítámì ni jàre. Wọ́n ti gé e, ó ti tán. Tó o bá tún ń lọ tó ò ń bọ̀ nílé ìwòsàn, àwọn ará ìta á ní kí ló ń ṣe ọ́?" Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ, mo sì gbà á. Ẹ gbọ́ mi, kò sí ẹni tó fi agbára dá mi dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mi ò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, mi ò lọ.

Inú oṣù yẹn gan-an làwọn ará ìlú Awo dé, wọ́n wá tọrọ Sìmbíà.

Ọmọ wọn, Mùfútàù, ń ṣe tíṣà. Òun àti Sìmbíà ti mọra láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń kí èèyàn ni. Tó bá wá, orí ìdọ̀bálẹ̀ kúkú ni, kò ní dìde títí mo fi máa ní ó tó. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Bàbá Lámídì ni alárinà wọn. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ní àwọn fẹ́ mọ ìdílé. Ó sọ tiwọn ná: ó ní ikọ́ fée máa ń ṣe Mùfútàù nígbà ọyẹ́, àwọn kò fẹ́ kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàbá Sìmbíà dáhùn pé, "Tiwa mọ́. Ẹ béèrè káàkiri Ẹdẹ." Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ojú àpá ṣì ń yún mi lábẹ́ ìbòrí. Wọ́n fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí ẹ̀yìn ààwẹ̀.

Ààwẹ̀ dé. Oògùn tí wọ́n ní kí n máa lò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, sààrì kan, ìṣínu kan. Àwọn ìgbà mìíràn oorun á gbé mi kọjá sààrì, á ku ẹ̀ẹ̀kan. Kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì, ó tán. Mi ò ra òmíràn.

Ètè mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń ta mí yẹ́ríyẹ́rí bí ẹni tó jẹ ataare, bẹ́ẹ̀ ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà orí ìka. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ títí ó fi kú, tí ẹsẹ̀ náà wá ń jí? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò jí tán, kò sì kú tán. Mo ní ebi ni. Iṣẹ́ ọdún sì ti kún ilẹ̀, aṣọ ń bẹ lórí aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mò ń gé aṣọ lọ, ọwọ́ ọ̀tún mi bá le mọ́ àlùmọ́gàjí. Ìka mi nà gbọọrọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àtàǹpàkò wọ abẹ́ wọn, ọrùn-ọwọ́ tẹ̀ kọdọrọ. Ó dùn mí dé apá.

Kúdí, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà, sáré wá. "Ọ̀gá, ẹ jù ú sílẹ̀."

"Mi ò dì í mú, òun ló dì mí mú."

Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Sìmbíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ àlùmọ́gàjí kí àsìkò ìṣínu tó tó o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kúdí fi ìpara gbígbóná ra á títí ó fi tú. Mo padà sídìí iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ ni mo ṣubú. Mi ò lè ròyìn èyí, torí mi ò sí níbẹ̀. Kúdí ló sọ fún mi pé mo kọ́kọ́ gan bí igi, lẹ́yìn náà mo ń gbọ̀n, mo gé ahọ́n mi jẹ, ìfófòó sì yọ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, orí mi wà lórí itan Sìmbíà, a ń lọ ilé ìwòsàn kan nínú ìlú níbí.

Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi kú. Nígbà tó kàn wá, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń kọ káàdì, gbójú sókè.

"Áà! Ìyá ìyàwó wa! Kí ló dé?"

Nọ́ọ̀sì Sàkírátù ni, àbúrò ìyá Mùfútàù. Wọ́n jọ wá lọ́jọ́ tí wọ́n wá béèrè ìdílé.

Mo fa ìbòrí mi wálẹ̀ sí i. Ó fa káàdì jáde, ó ń béèrè, ó ń kọ. Ṣé mo ní ìfúnpá gíga? Rárá. Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Rárá. Ṣé irú èyí ti ṣe mí rí? Rárá.

"Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí?"

Sìmbíà la ẹnu. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Rárá o," mo ní. "Abẹ kò kan ara mi rí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ahọ́n mi kò tíì gbẹ lára aṣọ, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ará Awo má mọ̀ pé mo ní gẹ̀gẹ̀ rí. Dókítà tó rí mi, ó ti rẹ̀ ẹ́, ìlà èrò ṣì gùn lẹ́yìn mi. Ó wo ibà, kò rí i. Ó wo ṣúgà, ó dára. Ó fẹ́ wo àyà mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìbòrí mú, ó ní kí n má bínú, ó gbọ́ ọ látorí aṣọ. Ó wo káàdì. Ó ní ó jọ wárápá, ó kọ oògùn rẹ̀ fún mi. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọbẹ̀ tó sè, èmi ni mo kó èròjà rẹ̀ fún un.

Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ jáde. Mo mọ̀ pé kí wọ́n tó ṣínu lọ́jọ́ kejì, ó ti dé Awo.

Ó sì ti dé ilé tiwa náà. Àwokòtò kan la ti ń jẹun nígbà ìṣínu, gbogbo àwa obìnrin ilé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Ìyá Sàláwù bu tèmi sọ́tọ̀. Ó so òwú pupa mọ́ etí ife kan kí àwọn ọmọ má baà ṣì í mu. Òwú náà, látinú ṣọ́ọ̀bù mi ni. Àwọn ọmọdé tó máa ń bá mi jókòó, tí mo bá wúkọ́, wọ́n á dìde. Wọ́n ní ẹni tí ìfófòó bá kàn, ó ti kó o.

Wọ́n pe àáfáà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Ó kéwú sí mi lórí, ó fọ hàǹtú lára wàláà fún mi mu, ó wá yọ Bàbá Sìmbíà sẹ́yìn. Mo gbọ́ ohun tó sọ. "Alhájì, àdúà kò ní kí ẹ má gbé e lọ ilé ìwòsàn ńlá. Èmi ò rí àlùjànnú kankan níbí. Ara ló ń ṣe é."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Sàláwù pòṣé. "Àáfáà tí kò lágbára ló máa ń darí èèyàn sí ọ̀dọ̀ dókítà." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rẹ ewé tábà sí, èyí tí àwọn àgbà fi ń wo gìrì ọmọdé. Ẹni mẹ́ta ló dì mí mú kí n tó mu ún. Ọjọ́ méjì ni mo fi bì. Tí mo bá ń bì, ọwọ́ mi méjèèjì á tún ká kò. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé nǹkan yẹn wá fún, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú sí yín. Ìbínú wọn kò le tó o.

Oògùn wárápá ńkọ́? Mò ń lò ó láìyẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí n máa lò, mo fi sílẹ̀. Èyí tí kò kàn mí, mi ò pa á jẹ lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Bàbá Lámídì alárinà dé pẹ̀lú obìnrin méjì láti Awo. Mo wà nínú yàrá, ògiri nìkan ló wà láàárín wa.

"Alhájì, ẹ kú ọdún. Ẹ má pè wá ní aláìmoore. Ọ̀nà tí a gbà wá náà la fẹ́ gbà padà."

Mo gbọ́ tí Bàbá Sìmbíà gbé omi síwájú wọn. "Ẹ kọ́kọ́ mu omi."

"Omi?" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni. "Nínú ife wo?"

Bàbá Lámídì bá a wí, ó ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó mu omi náà. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì gbọ́ ìró bàtà wọn.

Sìmbíà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ìrẹsì. Kò dìde. Ó ṣà á tán, ó dà á padà sínú àpò, ó bu òmíràn. Mùfútàù pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìyẹn kò pè mọ́. Lálẹ́ ó wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá, ṣé wárápá wà nínú ìdílé yín ni?"

"Kò sí. Mo fi Ọlọ́hun búra."

"Kí ló wá ń ṣe yín?"

"Mi ò mọ̀."

Òun náà kò mọ̀. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé ọrùn tí wọ́n gé lè di ọwọ́ tó ń ká kò. Ọ̀nà wọn jìnnà síra lójú wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mò ń ṣe àlùwàlá, ọ̀fun mi pa dé. Afẹ́fẹ́ kò wọlé, kò jáde. Nígbà tó wá wọlé, ó ń hu bí àkùkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn. Sìmbíà gbé mi jókòó, ó pe ọkọ̀, ó ní Òṣogbo là ń lọ. Ìyá Sàláwù dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ń gbé e lọ ibo ní ọ̀sán gangan yìí? Kí gbogbo ayé lè mọ̀?"

"Gbogbo ayé ti mọ̀, Màmá," Sìmbíà dá a lóhùn. "Ó ku ẹ̀yin nìkan tí ẹ ṣì ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ yàgò."

Mi ò gbọ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ sí àgbà báyìí rí. Mo fẹ́ bá a wí, ọ̀fun kò gbà fún mi.

Ní ilé ìwòsàn ńlá Òṣogbo náà, èrò ni. Wọ́n gba owó káàdì, owó bẹ́ẹ̀dì, owó ìbọ̀wọ́, gbogbo ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Níkẹyìn ọmọbìnrin kan dé, dókítà ni, kò lè ju Sìmbíà lọ púpọ̀. Ó di rọ́bà ìfúnpá mọ́ mi lápá, ó fún un le. Kò tíì tú u tí ẹnìkan fi pè é lẹ́yìn, ó yíjú síbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó máa padà wò mí, ọwọ́ mi ti ká. Ìka nà, àtàǹpàkò wọlé, ọrùn-ọwọ́ tẹ̀.

Kò bẹ̀rù. Ó fà á súnmọ́ ojú, ó wò ó. Ó wá fi orí ìka rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi níwájú etí, tó, tó. Ètè mi fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ bá mi ṣí ìbòrí yín."

"Rárá."

"Obìnrin ni mí, màmá. Ọrùn yín nìkan ni mo fẹ́ wò."

"Kò sí nǹkan lọ́rùn mi."

Sìmbíà na ọwọ́, ó ká ìbòrí náà kúrò lọ́rùn mi. "Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, Dókítà. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n gé. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Nítorí ìgbéyàwó mi ni wọn ò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀." Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Dókítà náà fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí wọ́n sáré gbé e lọ. Nígbà tí èsì dé, ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ní àwọn nǹkan kékeré mẹ́rin wà lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Àwọn ló ń ṣọ́ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń mú egungun le, tó wà nínú wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá gé gẹ̀gẹ̀, àwọn hóró wọ̀nyí lè fara pa, tàbí kí wọ́n bá a lọ. Kálísíọ̀mù á wá máa fà sẹ́yìn nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti lọ sílẹ̀ jù, iṣan kò ní mọ ìgbà tí yóò dẹ̀ mọ́: ètè á ta, ọwọ́ á ká, ọ̀fun á pa dé, èèyàn á ṣubú, á sì gbọ̀n. Ó ní oògùn wárápá tí mò ń lò tún ń fà á sílẹ̀ sí i. Ó ní èébì náà kò bá mi ṣe é ní rere.

"Oògùn funfun ńlá kan ńkọ́, màmá? Ṣé wọn ò fún yín?"

"Wọ́n fún mi."

Ó mí kanlẹ̀. Wọ́n fi omi kálísíọ̀mù sí mi lápá, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fetí sí àyà mi. Ó gbóná nínú iṣan mi. Mo ń wo ọwọ́ mi. Kí omi náà tó dé ìdajì, ìka mi tú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe wárápá?"

"Kì í ṣe wárápá rárá, màmá."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé."

Ó kọ ọ́. Mo ní kó fi òǹtẹ̀ sí i. Ó fi òǹtẹ̀ sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mi ò dúró sinmi. Èmi àti Bàbá Sìmbíà gba Awo lọ. Mi ò wọ ìbòrí gígùn, gèlè ni mo wé, ọrùn mi wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Wọ́n gbà wá tayọ̀tayọ̀, wọ́n gbé omi fún wa. Ìyá Mùfútàù wà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì Sàkírátù náà wà níbẹ̀. Òun ló gba ìwé náà kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Òótọ́ ni," ó ní. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe wárápá. Ṣùgbọ́n Ìyá Sìmbíà, mo bi yín. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ 'rárá' yín sílẹ̀. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi gan-an ni ǹ bá gbé yín lọ Òṣogbo lọ́jọ́ náà."

Mo kúnlẹ̀. Mo dàgbà ju ìyá Mùfútàù lọ, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó sáré gbé mi dìde.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. A ò kórìíra yín. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a sọ ti ọmọ tiwa fún yín lọ́jọ́ kìíní, a ò bò ó. Àmọ́ ẹni tí ikú dúró níwájú rẹ̀, tó ṣì wo ojú àna rẹ̀ tó purọ́, tó bá ní 'bẹ́ẹ̀ ni' lọ́la, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí a máa gbà?"

Mo ká ìwé náà padà sínú àpò mi. A dìde. Nígbà tí a ń bọ̀, Bàbá Sìmbíà ń wo ojú ọ̀nà, èmi ń wo ọwọ́ mi.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ara mi le. Oògùn funfun náà, òun àti kóró kékeré kan tí wọ́n fi kún un, mò ń lò wọ́n, mà á sì máa lò wọ́n títí ikú. Tí ààwẹ̀ bá dé, mo ń san án padà ní oúnjẹ fún aláìní, àáfáà tó kéwú sí mi lórí ló là á yé mi. Mo ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ní kí n wá, torí tó bá pọ̀ jù náà, wàhálà ni, kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Wọ́n á bi mí pé ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi rí. Mà á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà á sì sọ gbogbo ẹ̀ títí wọ́n á fi ní ó tó. Ẹ̀yin tí wọ́n gé lọ́rùn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ káàdì, ì báà jẹ́ àna yín, ì báà jẹ́ ọ̀tá yín. Tí ètè bá ń ta yín, ẹ má pè é ní ebi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ogún pínpín. Mi ò kú, àmọ́ wọ́n ti pín mi.

Kúdí ló jogún ṣọ́ọ̀bù. Wárápá tí wọ́n fi lé mi lórí kò kúrò lẹ́nu àwọn oníbàárà, ìwé olóǹtẹ̀ kò dé etí wọn. Wọ́n ní àwọn kò lè fi aṣọ tí mo fọwọ́ kàn wọ ọmọ. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀dọ̀ Kúdí ni wọ́n ń ju aṣọ sí, mo gbé máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ó ń ṣe dáadáa sí mi. Ó ń kó ọwọ́ aṣọ wá fún mi nílé kí n bá òun fi abẹ́rẹ́ gán an, kì í sì í sọ fún oníbàárà.

Sìmbíà lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rí ẹni tó fẹ́ ẹ. Bàbá Sìmbíà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ kan, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Àwọn ará Ìlọrin ti béèrè nípa rẹ lọ́wọ́ Sìmbíà. Ó ti dá wọn lóhùn."

"Kí ló ní?"

"Ó ní o ti kú."

Irọ́ ni mo fi sílẹ̀ fún ọmọ mi, ó sì mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ. Mi ò bá a jà. Èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó, Bàbá Sìmbíà gbé e sínú báàgì lọ sí Ìlọrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, Ìyá Sàláwù ló jókòó sórí àga ìyá ìyàwó. Òun ló jogún ìyẹn. Ó fi fọ́tò náà hàn mí nígbà tó dé, ó bi mí pé ṣé gèlè òun kò wọ́.

Sìmbíà bí obìnrin lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa ń sọ ọmọbìnrin tí ìyá àgbà rẹ̀ bá ti lọ. Ó pè mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, àwọn ni wọ́n sọ ọ́, mi ò rí bí mo ṣe máa kọ̀ ọ́." Mo ní kò sí ohun tó ṣe é. Mo ní kó gbé fóònù sí etí ọmọ. Mo pè é: Yétúndé. Ọmọ náà ké. Mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà obìnrin kan lẹ́yìn wọn, ó ní ta nìyẹn tó ń kí ọmọ wa.

"Ẹnìkan ní Ẹdẹ ni, Màmá," Sìmbíà dáhùn. "Aránṣọ wa."